Aránṣọ Tó Ń Wọn Omi

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, nígbà tí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ti fi ogún ìṣẹ́jú kọjá, ni aránṣọ kan, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, kọ́kọ́ fojú kan obìnrin tó ń wọn omi. Inú ṣọ́ọ̀bù ni ọmọbìnrin náà wà, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ iléèwé kan, nígbà tí obìnrin náà wọlé tòun ti bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún, tí omi sì ń kán lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó kí ọ̀gá wọn dáadáa, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yá òun ní téèpù, nítorí pé tòun ti bọ́ sínú adágún. Ọ̀gá wo bàtà náà, ó wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán, ó wá ní téèpù òun kì í dá jáde; ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kí ó mú ọmọṣẹ́ òun kan dání. Bí ọmọbìnrin náà ṣe tẹ̀lé téèpù jáde nìyẹn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù sì sọ ọ́ ní Téèpù kí ilẹ̀ tó ṣú. Orúkọ náà kò bọ́ lára rẹ̀ mọ́.

Òpópónà tí Téèpù àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí adágún, ó sì parí sórí àtẹ̀gùn símẹ́ńtì tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ilé tiwọn ni ìkẹta láti etí omi. Lọ́jọ́ tí òun àti obìnrin náà jọ dúró níbẹ̀, ìpele mọ́kànlá ni àtẹ̀gùn náà yọ lókè omi. Téèpù kà á. Kò sẹ́ni tó ní kí ó kà á. Ohunkóhun tó bá ti ṣeé kà lójú rẹ̀, kíkà ló máa ń kà á.

Obìnrin náà, tí àwọn ọmọ àdúgbò kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè ní Àǹtí Olómi, ń wá igi ìwọ̀n kan tí òun lè rì sétí adágún, àti ẹnì kan tí yóò máa kà á láràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Téèpù sọ fún un pé káfíńtà ni bàbá òun. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà tí wọ́n ṣàlàyé, ó gbé ayùn sílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Omi tí mo ti ń wò láti kékeré,” ó ní, “ìjọba wá fẹ́ ká máa wò ó síwèé.”

Ọjọ́ méjì ló fi ṣe igi náà. Igi líle ni, ó gùn ní mítà mẹ́ta. Ó fi ọ̀dà funfun kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó fi dúdú fa ìlà tín-ín-rín sí i láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ìlà kẹwàá. Àǹtí Olómi gbé téèpù lé e lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí àléébù kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló tọ́ka ibi tí wọn yóò rì í sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n wà, omi ti lọ sílẹ̀ títí kò lè lọ mọ́. Nítorí náà ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òdo orí igi bá ojú omi ọjọ́ náà dọ́gba. Káfíńtà gbá a wọlé, ó fi òkúta há a nídìí, ó sì tẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi rí i pé kò mì. Àǹtí Olómi fún Téèpù ní ìwé kan tó le lẹ́yìn, ó kọ́ ọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kí ojú bá omi dọ́gba, ó sì kìlọ̀ fún un pé bí igi náà bá ṣẹ́ tàbí tó bá wọ́, kí ó pe òun. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni wọ́n gbé Àǹtí Olómi lọ sí olú ìlú. Ẹni tí wọ́n ní yóò rọ́pò rẹ̀ kò dé.

Téèpù kò dúró de ẹnikẹ́ni. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́: bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọdún mẹ́rin gbáko. Ó máa ń kọ déètì, wákàtí, nọ́ńbà, bí afẹ́fẹ́ ṣe rí, àti bóyá òjò rọ̀. Nígbà tí ibà dè é mọ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ ló fi èjìká tì í dé etí omi, tó sì ń ráhùn lójú ọ̀nà pé òun bímọ fún ọkọ, òun kò mọ̀ pé adágún ni òun bí i fún. Mẹkáníìkì tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe létí àtẹ̀gùn kì í jẹ́ kó kọjá láìbi í léèrè bóyá omi ti dá a lóhùn. Èsì kan náà ni Téèpù ń fún un nígbà gbogbo: pé omi ní kí òun máa kí i.

Adágún náà kò sì ṣeré. Lọ́dọọdún ló ń mú díẹ̀ sí i lára òpópónà. Téèpù ti kà nípa ayé tó ń gbóná àti ojú ọjọ́ tó ń yí padà; ó kà á lórí fóònù, ó kà á nínú ìwé tí Àǹtí Olómi fi sílẹ̀, ó sì gbà pé bí àwọn tó ń gbé etí omi kò bá sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tí yóò bá wọn sọ ọ́. Ó kó ọ̀dọ́ méje jọ. Wọ́n lọ sí àwọn iléèwé, wọ́n gbin koríko tó ń di ilẹ̀ mú sí etí omi, ìgbì sì hú u. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn lọ fi í jíṣẹ́ tàwọn ti páálí tí wọ́n kọ̀rọ̀ sí. Òjò pàdé wọn lọ́nà, ó fọ ọ̀rọ̀ inú páálí náà dànù. Akọ̀wé tó gba lẹ́tà wọn lù ú ní òǹtẹ̀, ó wo òǹtẹ̀ náà bóyá ó hàn dáadáa, ó sì dá lẹ́tà náà padà fún wọn. Ẹnì kan lọ sílé ọkọ, ẹni méjì wá iṣẹ́ lọ, àwọn yòókù kàn ṣíwọ́ wíwá ni. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, Téèpù nìkan ni ẹgbẹ́ náà kù sí, ó ṣì ń kọ ìpàdé sílẹ̀: ọjọ́ báyìí, ẹni kan ló wá.

Igi tó bá ń gbé inú omi kò lè ṣàìjẹrà. Ní oṣù kìíní ọdọọdún, Káfíńtà máa ń fà á yọ, á gé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti rà, á gbé e sí òòrùn kí ó gbẹ, nítorí pé ọ̀dà kì í mú igi tútù. Lẹ́yìn náà á lẹ ẹsẹ̀ tuntun mọ́ ọn, á tún un kùn, á sì dá a padà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni èyí máa ń gbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún náà, Téèpù kò jẹ́ kí ojú ewé kankan ṣófo, ó máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ láràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ pé, “Igi wà lọ́dọ̀ káfíńtà.” Lọ́jọ́ ìdápadà, òun ló máa ń di igi náà mú nígbà tí bàbá rẹ̀ bá ń fi òòlù gbá a.

“Òdo ńkọ́?” bàbá á bèèrè.

“Ó ti kan omi, Dádì.”

Bàbá á sì gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó lè mú ilẹ̀. Inú wọn máa ń dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ mìíràn lọ. Káfíńtà kò mọ ohun púpọ̀ nípa ìjọba tàbí ayé tó ń gbóná, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni ọmọ òun ń tẹjú mọ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ìyẹn sì tó o.

Ní ìparí oṣù kẹta, lẹ́yìn ìdápadà kẹrin, Àǹtí Olómi pè é. Ó sọ pé ìgbìmọ̀ kan fẹ́ jókòó ní olú ìlú, pé wọ́n fẹ́ mọ odi òkúta sí etí adágún kí òjò ọdún yìí tó le. Ìlú mẹ́sàn-án ló ń béèrè odi. Mẹ́ta péré ni wọ́n lè mọ. Kì í ṣe ẹkún ni wọn yóò fi pín in, ó ní, ìwé ni. Ìlú tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá fi hàn pé omi ń gòkè ni wọn yóò mú. “Kó gbogbo ìwé rẹ wá,” ó wí. “Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó ní ọdún mẹ́rin bí kò ṣe ìwọ.”

Ìròyìn náà dé bí ìgbà tí wọ́n ṣí fèrèsé. Àwọn tó ń gbé ilé àkọ́kọ́ ti kó jáde láti ọdún tó kọjá; àwọn ti ilé kejì máa ń sùn lórí àjà lásìkò òjò. Nínú ilé Káfíńtà, ìyá Téèpù ti gbé àdògán rẹ̀ lé orí bíríkì mẹ́fà, ó sì ń dáná ní ìnàró. Gbogbo wọn mọ̀ pé òjò kan sí i, omi yóò bá wọn lórí ibùsùn. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi sin Téèpù dé ibùdó ọkọ̀, tí mẹkáníìkì sì bá a gbé báàgì. Káfíńtà fún un ní gbólóhùn kan péré kí bọ́ọ̀sì tó gbéra: bí wọ́n bá bèèrè ẹni tó gbẹ́ igi náà, kí ó má tijú láti sọ ọ́.

Ọjọ́ méjì ni ìrìn náà. Téèpù kò tíì kọjá ìlú kejì rí láyé rẹ̀. Ó fi nọ́ílọ́ọ̀nù ẹlẹ́ẹ̀mẹta wé ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé e lé itan, kò gbé e sílẹ̀ bó ti wù kí ọkọ̀ gbọ̀n tó. Awakọ̀ wò ó nínú dígí títí, ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ló gbé bí ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀. Téèpù ní omi ni. Awakọ̀ ní bí ó bá dà sórí àga òun ńkọ́. Téèpù ní ọdún mẹ́rin ló ti wà níbẹ̀, kò tíì dà rí. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n gba àárín ilẹ̀ kan kọjá tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti pa gbogbo rẹ̀, tí àwọn màlúù ń rìn bí ẹni pé egungun wọn fẹ́ já awọ. Obìnrin tó jókòó tì í sọ pé ọdún kẹta nìyí tí òjò kò ti rọ̀ níbẹ̀. Téèpù wo ilẹ̀ náà títí ó fi pòórá lẹ́yìn ọkọ̀. Ó rò ó pé omi tí àwọn èèyàn yìí ń wá ló ń lé àwọn ará òpópónà òun kúrò nílé. Ó rò ó bóyá ẹnì kan wà níhìn-ín náà tó ń kọ ọ́ síwèé láràárọ̀ pé òjò kò rọ̀. Ó rò ó pé ohun tí èèyàn lè ṣe kò ju pé kí ó máa bá a lọ, kí ó má jẹ́ kí ó sú òun. Ọ̀rọ̀ náà fi í lọ́kàn balẹ̀ nígbà yẹn.

Yàrá ìpàdé náà tútù, wọ́n sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí i. Ẹnjiníà mẹ́ta jókòó níwájú. Àgbà inú wọn, ọkùnrin olóhùn pẹ̀lẹ́ kan, ló ń béèrè ọ̀rọ̀. Àǹtí Olómi jókòó lápá kan pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́, ó sì fi ojú kí Téèpù. Ìlú kọ̀ọ̀kan ń jáde, wọ́n ń gbé nọ́ńbà wọn sára ògiri pẹ̀lú iná, ìlà náà sì ń gòkè láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tó kan Téèpù, akọ̀wé kan ti kó nọ́ńbà inú ìwé rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ìlà tirẹ̀ yọ. Ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀ dé òdo. Ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀ dé òdo. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ní ọgbọọgba, bí eyín ayùn.

Ẹnjiníà àgbà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

“Ọmọ mi, iṣẹ́ ńlá lo ṣe yìí. Ṣùgbọ́n adágún yín ń padà síbi tó ti kúrò lọ́dọọdún. Mi ò rí ibi tó ti ń pọ̀ sí i.”

“Sà, omi ti wọ ilé àkọ́kọ́ ní òpópónà wa. Ó ti wọ ìkejì.”

“Mo gbà ọ́ gbọ́. Ìwé rẹ ni kò gbà.”

Ó ń ṣí àwọn ojú ewé náà bó ti ń sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọyì wọn. Ó wá dúró lórí ọ̀kan. Ó ka ohun tí Téèpù kọ síbẹ̀ sókè: igi wà lọ́dọ̀ káfíńtà. Ó ṣí òmíràn, ó tún kà á. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe fún igi náà níbẹ̀. Téèpù ṣàlàyé ẹsẹ̀ tó rà, òòrùn, ọ̀dà, ẹsẹ̀ tuntun.

“Bí wọ́n bá wá ń dá a padà, níbo ni wọ́n ń gbé òdo sí?”

Téèpù la ẹnu láti fèsì, èsì náà sì ti wà ní etí ètè rẹ̀ kí ó tó gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Aránṣọ ni. Ẹni yòówù tó bá dúró síwájú rẹ̀, ì báà ga, ì báà kúrú, orí èjìká onítọ̀hún ni òun yóò gbé orí téèpù lé, ibẹ̀ ni òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Kò sí pákó kan tó wọ̀n rí tí kò bẹ̀rẹ̀ láti etí pákó náà gan-an. Ọdọọdún ni omi ń gòkè, ọdọọdún ni àwọn méjèèjì sì ń gbé òdo gòkè tẹ̀lé e, wọ́n ń di igi mú fún ara wọn, wọ́n ń bi ara wọn bóyá ó ti kan omi.

“Sójú omi, sà,” ó ní.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà àgbà béèrè bóyá wọ́n kọ ibi tí òdo wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Wọn kò kọ ọ́. Téèpù sọ pé ìpele mọ́kànlá ni àtẹ̀gùn ní lókè omi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mẹ́rin ló kù báyìí. Ẹnjiníà béèrè bóyá ìyẹn wà nínú ìwé. Téèpù ní kò sí níbẹ̀, pé òun kàn kà á ni. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ pa ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé, ó tò wọ́n léra kí etí wọn dọ́gba, ó sì dá wọn padà. Wọ́n pinnu pé kí ìlú náà wọn omi fún ọdún méjì sí i láti ara ohun tí kò ṣeé ṣí nípò, kí ó sì padà wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ̀dọ́ tó fi ọdún mẹ́rin ní ìforítì, wọ́n sì ní kí ó wá dúró láàárín àwọn yòókù fún fọ́tò.

Àǹtí Olómi bá a lórí àtẹ̀gùn níta. Wọ́n jọ jókòó.

“Èmi ni mo gbé òdo sójú omi lọ́jọ́ àkọ́kọ́,” ni Àǹtí Olómi sọ níkẹyìn. “Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún bàbá ẹ, mi ò sì sọ pé kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Mo rò pé èèyàn kàn mọ̀ ọ́n ni.”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí.”

“Kí ni kí n wá sọ?”

Téèpù gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó dìde. Nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tó ń padà, báàgì wà nísàlẹ̀ àga. Kò gbé e lé itan mọ́. Ó gbìyànjú láti bínú sí ẹnì kan, kò rí ẹni tí yóò bínú sí. Ohun tó ń padà sí i lọ́kàn ṣáá ni pé bí òun bá jẹ́ ọ̀lẹ ni, bí òun bá ti ṣíwọ́ lẹ́yìn ọdún kan bí àwọn yòókù, ì bá má sí ìwé kankan tí yóò jẹ́rìí lòdì sí ilé àwọn. Ìforítì tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún kò mọ ohun tó ń forí tì. Ìṣẹ́jú kan kò tíì kọjá kí ó tó tún bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ìbá tún ṣe, nígbà tí omi kò ní torí ìyẹn dúró.

Bàbá rẹ̀ ti ń dúró ní ibùdó ọkọ̀ kí ó tó dé. Ojú tí Téèpù gbé sọ̀ kalẹ̀ ti sọ ọ̀pọ̀ nǹkan fún un, kò béèrè ọ̀rọ̀ odi. Nílé, ìyá rẹ̀ béèrè. Téèpù ní ó di ọdún méjì. Ìyá wo àdògán lórí bíríkì, ó wo ilẹ̀ tó ti ń rin nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì rán ọkọ rẹ̀ ní bíríkì méjì sí i. Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn èyí, ó sì rọ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

Ọwọ̀n símẹ́ńtì iná mànàmáná tó wà níwájú ilé kẹrin ni Téèpù yàn. Àwọn ọmọ àdúgbò ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé omi kò lè dé ibẹ̀ láéláé. Mẹkáníìkì nìkan ni kò ṣe yẹ̀yẹ́, torí pé ó ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò létí àtẹ̀gùn. Káfíńtà fa ìlà sí ọwọ̀n náà pẹ̀lú ọ̀dà dúdú, ó sì kọ nọ́ńbà sí i. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Àǹtí Olómi pè láti mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Ohun tí Téèpù sọ fún un nìyí:

“Mo ti bẹ̀rẹ̀, Àǹtí. Ojú ewé kìíní. Mo ń kà á láràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi; omi kò tíì dé ìdí ọwọ̀n náà, mo ń kọ ìyẹn náà. Mi ò mọ̀ bóyá ilé wa á ṣì wà níbẹ̀ tí ọdún méjì bá fi pé, mi ò sì mọ nǹkan míì tí mo lè ṣe. Dádì ṣì ń bi mí bóyá wọ́n bèèrè ẹni tó gbẹ́ igi yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n bèèrè. Mi ò tíì lè sọ ìyókù fún wọn.”